Ẹ Jẹ́ Kí A Ka Góòlù Wa Kí A Tó Wọ Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí pé aṣọ yín wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ránṣọ ní Ìbàdàn ni ó kọ lẹ́tà sí mi. Ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí òun ń tẹ̀ lé, n kò sì ní dárúkọ wọn. Ẹgbẹ́ náà gbá bọ́ọ̀lù ife ẹ̀yẹ nílé, wọ́n sì na àlejò wọn ní góòlù 2 sí 1. Ó wá ku èyí tí wọn yóò lọ gbá ní òde, ní ìlú àwọn tí wọ́n nà náà, ní ìkọjá ibodè wa. Láti ọjọ́ náà, ó ní oorun kò kun òun mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń dá owó jọ láti háyà bọ́ọ̀sì kan. Ọjọ́ Sátidé ni bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ Tọ́sìdeè ni ọkọ̀ yóò gbéra. Ọjọ́ Sátidé yìí kan náà ni ìyàwó kan yóò wọ aṣọ tí ó wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, aṣọ ẹbí ènìyàn 14 sì wà nílẹ̀ tí kò tíì gé. Owó àsansílẹ̀ àwọn oníbàárà wọ̀nyí ni ó fẹ́ fi san owó ọkọ̀. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi èyí tí ó bá ṣẹ́ kù ta tẹ́tẹ́, pé ife ti délé tán. Ó wá bi mí pé, 'Bàbá, ṣé góòlù kan tí a fi ṣíwájú tó? Ṣé kí n lọ?'

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn sí i pé ó kọ́kọ́ béèrè kí ó tó ṣe é, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn tí omi bá ti dànù ni wọ́n máa ń kọ̀wé sí mi. N ó dá a lóhùn ní kíkún. Góòlù ni a ó kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà ni a ó wá ka owó.

Fún àwọn tí kò mọ̀ bí wọ́n ti ń ka irú bọ́ọ̀lù yìí: nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ méjì máa ń pàdé, ẹ̀ẹ̀kan ní ilé èyí, ẹ̀ẹ̀kan ní ilé èkejì. Wọn a ro góòlù ọjọ́ méjèèjì pọ̀. Bí àròpọ̀ bá dọ́gba, wọn a wo ẹni tí ó gbá góòlù wọlé jù ní ilé onílé, òun ni yóò kọjá. Bí ìyẹn náà bá tún dọ́gba, pẹnárítì ni yóò là wọ́n. Àwọn ará Yúróòpù ti pa òfin góòlù ilé onílé yìí rẹ́ ní ọdún 2021. Ní tiwa, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, nígbà tí Mamelodi Sundowns ti Gúúsù Áfíríkà gbá ọ̀mì 0 sí 0 nílé pẹ̀lú Al Ahly, tí wọ́n sì lọ gbá 1 sí 1 ní Kairo. Kò sí ẹni tí ó na ẹnì kejì, síbẹ̀ Sundowns ni ó wọ àṣekágbá. Góòlù kan ṣoṣo tí ó wọ àwọ̀n Al Ahly ní ilé ara wọn ni ó gbé àlejò kọjá.

Nítorí náà, ọmọ mi, nígbà tí o kọ ọ́ sí mi pé 2 sí 1, ojú mi kò lọ sórí 2. Orí 1 ni ó lọ. Ẹgbẹ́ rẹ ń lọ sí òde pẹ̀lú góòlù kan tí wọ́n fi ṣíwájú, ṣùgbọ́n àlejò ti fi nǹkan pamọ́ sínú ilé yín kí ó tó lọ. Bí wọ́n bá fi 1 sí 0 péré na ẹgbẹ́ rẹ lọ́hùn-ún, ó parí. Kò ní sí pẹnárítì, kò ní sí ẹjọ́.

Kí o má bàa rò pé àgbà ń fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà ọ́, jẹ́ kí n mú ọ lọ sí ọdún 1976, ní ìlú tìrẹ gan-an. Ẹgbẹ́ Shooting Stars, tí wọ́n ń pè ní IICC nígbà náà, ń lé ife àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè wọn. Ojú wọn rí tó kí wọ́n tó dé àṣekágbá. Zamalek ti Kairo nà wọ́n ní 2 sí 0 lọ́hùn-ún. Wọ́n padà wá sí Ìbàdàn, wọ́n san 2 sí 0 náà padà, pẹnárítì ni ó sì yọ wọ́n. Tonnerre ti Yaoundé, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ni ó wá kù. Ẹgbẹ́ yẹn ni Roger Milla ń gbá fún nígbà náà, Milla kan náà tí gbogbo ayé rí ní ilẹ̀ Ítálì ní ọdún 1990 tí ó ń jó nídìí àsíá igun pápá.

Ní Ìbàdàn, 4 sí 1 ni wọ́n fi na Tonnerre. Samuel Ọ̀jẹ̀bọ̀dé ni olórí àwọn ọmọ wa. Best Ogedegbe ni ó ṣọ́ ilé. Múdà Lawal wà láàárín pápá. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ń sá ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹni tí Ernest Okonkwo, tí ó máa ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, sọ ní Mathematical nítorí pé bí oníṣirò ni ó ti ń gbé bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí Yaoundé. Ẹni tí kò lè lọ, rédíò ni ó gbẹ́kẹ̀ lé, kò sì sí ohun tí ó ń já ènìyàn láyà bí kí a máa gbọ́ ariwo èrò ìlú ẹlòmíràn nínú rédíò kí a má mọ ohun tí ó dé. Tonnerre gbá góòlù 1 wọlé, tiwa kò gbá kankan. Wọ́n pàdánù bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà, wọ́n sì gbé ife bọ̀ wálé, 4 sí 2. Òun ni ife ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ kan láti Nàìjíríà gbà.

Ṣé o rí i? Kì í ṣe Yaoundé ni wọ́n ti gba ife náà. Ìbàdàn ni wọ́n ti gbà á, ní ọjọ́ tí wọ́n fi góòlù 3 ṣíwájú. Yaoundé kàn jẹ́ ibi tí wọ́n ti lọ gbé e ni.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1977, Rangers ti Enúgu ṣe irú rẹ̀: 4 sí 1 níbí, 1 sí 1 lọ́dọ̀ Canon, ẹgbẹ́ Yaoundé mìíràn. Ní ọdún 1990, BCC Lions ti Gboko fi 3 sí 0 na Club Africain níbí, wọ́n sì lọ gbá ọ̀mì 1 sí 1 ní Tùnísíà. Góòlù 3 ni gbogbo wọn fi ṣíwájú kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú, gbogbo wọn ni ó sì gbé ife wálé.

Wá gbọ́ ti àwọn tí ó fi góòlù 1 péré ṣíwájú. Ọdún 1988, Iwuanyanwu Nationale ti Òwèrrì na Entente ti Sétif ní 1 sí 0. Wọ́n dé ilẹ̀ Àlùjéríà, 4 sí 0 ni wọ́n fi nà wọ́n. Ọdún 1991, BCC Lions kan náà na Power Dynamos ti ilẹ̀ Sáńbíà ní 3 sí 2. Lọ́hùn-ún, 3 sí 1 ni Dynamos fi san án. Ọdún 2005, Dolphins ti Port Harcourt na FAR ti Rabat ní 1 sí 0, wọ́n sì jẹ 3 sí 0 ní Mòrókò. Ọdún 2009 ni ó dùn mí jù nínú ìwọ̀nyí, nítorí pé ó jọ tìrẹ gẹ́lẹ́. Heartland ti Òwèrrì na TP Mazembe ní 2 sí 1. Wọ́n lọ sí Lubumbashi, ní Kóńgò, 1 sí 0 ni wọ́n fi nà wọ́n. Àròpọ̀ jẹ́ 2 sí 2. Góòlù tí Mazembe ti gbá ní Òwèrrì ni ó gba ife náà.

Mo ti fo ọdún kan, o mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ Ìbàdàn ni ọ́ lóòótọ́, bàbá rẹ ti sọ ọ́ fún ọ. Ọdún 1996, Shooting Stars tún pàdé Zamalek, ní àṣekágbá ife tí ó ga jù ní Áfíríkà. Wọ́n ti pàdé ní àṣekágbá ife yìí kan náà ní ọdún 1984, nígbà tí Zamalek nà wọ́n ní 2 sí 0 ní Kairo, tí wọ́n sì tún wá nà wọ́n ní 1 sí 0 ní Èkó. Nítorí náà, ọkàn àwọn ará Ìbàdàn ti ń gbóná láti gba ẹ̀san. Wọ́n na Zamalek ní 2 sí 1 nílé. Ní Kairo, Zamalek nà wọ́n ní 2 sí 1. Ohun gbogbo dọ́gba pátápátá, góòlù ilé onílé pàápàá dọ́gba. Pẹnárítì ni ó kù, Zamalek sì borí, 5 sí 4. Títí di òní, bí o bá dúró nídìí ibi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò ní Ìbàdàn, tí o sì dárúkọ Zamalek, wàá rí i bí ojú wọn yóò ti yí padà.

Góòlù 2 ńkọ́? Òun ni mo máa ń pè ní adìẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ní ọdún 2003, ẹgbẹ́ Nàìjíríà méjì ni ó wọ àṣekágbá ní Áfíríkà. Enyimba ti Àbá na Ismaily ti Íjíbítì ní 2 sí 0. Julius Berger ti Èkó na Étoile ti Sousse, ní Tùnísíà, ní 2 sí 0. Èsì kan náà, ọdún kan náà, ìhà àríwá Áfíríkà kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń lọ. Enyimba pàdánù níbẹ̀ ní 1 sí 0 péré, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife tí ó ga jù náà. Julius Berger jẹ 3 sí 0, wọ́n sì wálé lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí ó bá sọ pé òun mọ èyí tí yóò rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lọ, irọ́ ni ó ń pa.

Ẹ̀yin ìyá wa, ó yẹ kí èyí yé yín ju àwa ọkùnrin lọ. Góòlù tí a fi ṣíwájú nílé dà bí owó ọjà tí a tà láwìn. Owó wa ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì wọ àpò. Bí gbèsè náà bá tóbi, bí oníbàárà bá tilẹ̀ yọ díẹ̀ níbẹ̀, èrè ṣì wà. Bí ó bá jẹ́ náírà kan ṣoṣo ni èrè orí rẹ̀, ẹni tí ó bá san án ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ti pa wá.

Àwọn kan yóò ní oògùn ni wọ́n fi ń nà wá ní òde. N kò ní bá wọn jiyàn púpọ̀. Bí oògùn bá ń gbá góòlù wọlé, ìlú tí àwọn adáhunṣe pọ̀ sí jù ni ìbá máa gba ife lọ́dọọdún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹgbẹ́ tí ó wà lẹ́yìn kò ní nǹkan ìpamọ́. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni yóò ti máa sáré wá sí ojú ilé yín, èrò ìlú rẹ̀ yóò sì máa tì í lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tí ó fi díẹ̀ ṣíwájú á bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ilé. Wọn á padà sẹ́yìn, wọn á tún padà, títí gbogbo wọn yóò fi kó jọ sójú òpó bí àgùntàn tí òjò lé wọ abẹ́ àtíbàbà. Bọ́ọ̀lù tí ó bá ti ẹsẹ̀ ẹnì kan ta, ara ẹlòmíràn ni yóò bà. Ní Lubumbashi ní 2009, ara ọmọ Heartland ni bọ́ọ̀lù ti wọ ilé Heartland. Ọ̀nà jíjìn ti jẹ wọ́n lára, oúnjẹ kì í ṣe èyí tí wọ́n mọ̀, oorun òtẹ́ẹ̀lì kì í sì í ṣe oorun ilé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí inú mi fi máa ń dùn bí wọ́n bá ní kí ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ lọ òde. Ní ọdún 1992, Shooting Stars kọ́kọ́ lọ gbá ọ̀mì 0 sí 0 ní Kampala pẹ̀lú Nakivubo Villa, wọ́n wá fi 3 sí 0 parí ọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, ife CAF sì di tiwọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní kí a má retí. Ìrètí dára, ó sì sàn kí ènìyàn ní góòlù 1 ju kí ó ṣe bí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ lọ, tí wọ́n gba ife líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 2025, tí Sundowns sì wá nà wọ́n ní 5 sí 1 nílé wọn ní ìpínlẹ̀ Ògùn lóṣù kẹwàá ọdún náà. Àwọn alátìlẹ́yìn wọn náà retí èyí tí ó kù ní Gúúsù Áfíríkà. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìyẹn bú wọn. Èmi náà bí ẹgbẹ́ rẹ yóò bá gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé, n ó jókòó, n ó sì gbàdúrà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a má fi ìrètí san gbèsè.

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ni mo wá fẹ́ sọ, n kò sì ní fi dídùn sọ ọ́. Wo àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin tí mo sọ pé wọ́n gbé ife wálé láti òde: Shooting Stars ní 1976 pàdánù lọ́jọ́ náà, Rangers ní 1977 gbá ọ̀mì, BCC Lions ní 1990 gbá ọ̀mì, Enyimba ní 2003 pàdánù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó borí lọ́jọ́ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní òde. Ẹni tí ó bá fi owó lé e pé wọn yóò borí ní ọjọ́ náà, ife délé lóòótọ́, owó rẹ̀ lọ. Bí ọ̀rẹ́ rẹ kò bá mọ èyí, kò mọ bọ́ọ̀lù. Bí ó bá mọ̀ ọ́n tí ó sì ń tì ọ́, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Àwọn tí wọ́n ń kọ tẹ́tẹ́ ti ka gbogbo èyí kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn.

Owó àsansílẹ̀ wá ńkọ́? Ọmọ mi, owó yẹn kì í ṣe tìrẹ. Owó òwú ni, owó ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn aṣọ ni, owó iṣẹ́ tí o kò tíì ṣe ni. Ọjọ́ tí o bá fi aṣọ ránṣẹ́ ni ó di tìrẹ. Ìyàwó yẹn, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó ní. Kò sí èyí tí wọn yóò gbá lẹ́ẹ̀kejì fún un. Bí ẹgbẹ́ rẹ bá pàdánù ní ọdún yìí, wọn yóò tún díje ní ọdún mìíràn. Bí ìyàwó bá dúró sínú yàrá ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tí kò sí aṣọ, orúkọ rẹ ni gbogbo àdúgbò yóò máa pè títí ọmọ rẹ̀ yóò fi máa rìn. Àwọn ènìyàn 14 tí ó jókòó láìsí aṣọ ẹbí yóò sì ran ìyá ìyàwó lọ́wọ́ láti pè é.

Nítorí náà, ìdáhùn mi nìyí. Bí o bá lè gé gbogbo aṣọ náà, kí o rán an, kí o fi lé wọn lọ́wọ́ kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdeè, tí owó ọkọ̀ sì jẹ́ èrè ọwọ́ rẹ, máa lọ, Ọlọ́run yóò mú ọ lọ, yóò mú ọ bọ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa rí ìlú tí ó kọjá ìlú wọn. Bí o kò bá lè parí rẹ̀, jókòó ti ẹ̀rọ rẹ, kí o tan rédíò tàbí fóònù rẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ. Bí Ìbàdàn ti gbọ́ ti Yaoundé nìyẹn ní 1976, ayọ̀ tí wọ́n yọ̀ kò sì kéré.

Bí o bá wá ń lọ, ọ̀rọ̀ kù tí mo fẹ́ sọ nípa ọkọ̀ yẹn. Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ gbéra lálẹ́? Ní oṣù kẹta ọdún 2015, àwọn agbábọ́ọ̀lù Kano Pillars ń lọ sí Òwèrrì láti lọ gbá bọ́ọ̀lù líìgì. Àwọn adigunjalè dá wọn lọ́nà ní ìhà Lọ́kọ́jà, márùn-ún nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ni ìbọn sì bà. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2025, bọ́ọ̀sì tí ó kó àwọn eléré ìdárayá ìpínlẹ̀ Kánò bọ̀ láti ibi ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè ní ìpínlẹ̀ Ògùn já sísàlẹ̀ afárá. Wọ́n ti wọ ìpínlẹ̀ ara wọn, ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ó lé ní 20 tí ó kú. Kò sí góòlù tí ó lè san ìyẹn. Ẹ gbéra ní ìdájí ọjọ́ Fúráìdè, kí ilẹ̀ mọ́ bá yín lójú ọ̀nà, kí ẹ sì ní awakọ̀ méjì. Bí onímọ́tò bá ní òun nìkan tó, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ibodè náà, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Láti ọdún 1979 ni àwọn ìjọba ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí ìwé pé ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Nítorí náà, bí Kùtọnu tàbí Lomé ni ẹ ń lọ, kò sí ọ̀rọ̀ físà. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, pẹ̀lú yẹ́lò káàdì tí ó fi hàn pé o ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé kí ẹ máa bọ̀, pé 'a ó rí wọn síbodè', ẹ bi í léèrè bóyá òun ni yóò jókòó tì yín ní àtìmọ́lé nígbà tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ó bá jẹ́ Íjíbítì ni, físà kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, a kì í sì í gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ pààrọ̀ owó yín sí sẹ́fà ní ibi tí ó dájú, kí ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan.

Bí ẹ bá dé pápá, ẹ jókòó pọ̀. Ẹ lu ìlù yín, ẹ fun fèrè yín, ẹ kọrin yín. Àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù yóò gbọ́ ọ, àní nínú ariwo ẹgbàágbèje. Ẹ má bú onílé nílé rẹ̀. Bí rẹfirí bá fún wọn ní pẹnárítì tí kò tọ́, ẹ pariwo, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ju ohunkóhun sí pápá, nítorí pé ẹgbẹ́ yín ni wọn yóò bu owó ìtanràn lé lórí, ẹ̀yin ni wọ́n sì máa rí mú. Bí wọ́n bá parí, ẹ má dìde kíákíá. Yálà ẹ borí tàbí ẹ pàdánù, ẹ jẹ́ kí àwọn onílé kọ́kọ́ jáde, kí ọlọ́pàá sì mú yín dé ìdí ọkọ̀.

Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó wọ ọkọ̀ náà sínú ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹnì kan nílé olúkúlùkù, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ẹni tí kò lọ. Ẹ sì sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Mo mọ̀ pé bí ife bá wà lọ́wọ́ yín, ara yóò máa yún yín láti délé lóru; bí ó bá sì bọ́, ẹ kò ní fẹ́ rí ìlú náà mọ́. Ẹ sùn síbẹ̀ náà. Àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè ni kí ẹ gbéra. Kí o kọ èsì rẹ̀ sí mi, ọmọ mi, kí o sì sọ fún mi bí aṣọ ìyàwó náà ti bá a mu.